Ìjà Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Ilé-Ìkàwé

                                                  Ilé-Ìkàwé Àgbà,
                                                  Yàrá Ìtọ́jú Jọ́nà, Àjà Kejì,
                                                  Ọgbà Yunifásítì.
                                                  Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kọkànlá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Ìbejì,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwọn ìbejì mi ńkọ́? Ṣé eyín iwájú èyí àbúrò ti hù padà, àbí ó ṣì ń fi àlàfo rẹ́rìn-ín? Bàbá wọn ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú nígbà yẹn ti lọ pátápátá? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé àwọn dókítà tí ẹ jọ wà ní ọsibítù yẹn ti ń dá ìwé padà lásìkò, àbí wọ́n ṣì ń fi ìwé ilé-ìkàwé yín ṣe ìrọ̀rí?

Ní tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá mi ti sàn díẹ̀. Wọ́n ti ń dá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá gbogbo ilé jà padà, èyí tó fi hàn pé ara ti yá. Ọkọ mi ń kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ń pariwo síṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, nítorí pé ariwo mi ti pọ̀ jù nínú ilé láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Òótọ́ ló sọ. Ariwo tí mi ò lè pa níbi iṣẹ́ ni mò ń gbé wálé. Wá àga tó dáa jókòó sí, ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ipò olùkọ́ ló tún dé. O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ka àwa tí à ń bójú tó ilé-ìkàwé yìí mọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn ni wọ́n ń ṣe tiwa: a ó kọ àpilẹ̀kọ sínú jọ́nà, ìgbìmọ̀ ìgbéga á yẹ̀ wá wò, bí a bá yege, iṣẹ́ wa fìdí múlẹ̀, kò sí ẹni tó lè jí lọ́jọ́ kan kó lé wa. Bí a kò bá yege, ká palẹ̀ ẹrù wa mọ́. Ìwọ lo mọ apá kejì yẹn ju gbogbo wa lọ, mi ò ní dán an wò pé mo fẹ́ kọ́ ọ.

Ní ìparí oṣù tó kọjá, akọ̀wé àgbà yunifásítì ránṣẹ́ sí wa pé òun fẹ́ tú wa sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lò gan-an nìyẹn, bí ẹni pé a wà lẹ́wọ̀n. Ó ní bí a bá gbà, kò ní sí jọ́nà mọ́, kò ní sí ìgbìmọ̀ mọ́, a ó di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì òun, a ó sì máa lọ sílé ní aago mẹ́rin bíi ti àwọn yòókù. Ẹni tó máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Ohun tó rọra sọ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni pé lọ́dọọdún ni ọ́fíìsì òun á máa pinnu bóyá ká dúró tàbí ká máa lọ. Ó ní kí àwa fúnra wa dìbò sí i, ibi tí ọ̀pọ̀ bá sì fì sí ni òun máa gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Má bínú pé ‘ó’ ni mò ń pè é, àgbàlagbà ni, mo mọ̀. Tí o bá ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀, o máa rí ibi tí ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un parí sí.

Kí o má baà rò pé ọ̀rọ̀ gbogboogbò ló ń jẹ mí lọ́kàn, fáìlì tèmi wà níwájú ìgbìmọ̀ báyìí. Ìgbà tí wọ́n ṣe tìrẹ, mi ò tí ì pé ọdún kan níbí. Nísinsìnyí, ó ti kàn mí. Bí a bá sọ pé a ò fẹ́ ipò olùkọ́ mọ́, gbogbo ohun tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà yẹn, òfo ni. Wọn ò tilẹ̀ ní ṣí fáìlì náà. Èmi tí mo ti fi ọdún bíi mélòó kan kọ àpilẹ̀kọ tòun ti àárẹ̀, á wá di pé lọ́dọọdún ni màá máa wo ojú ọkùnrin yẹn kí n tó mọ̀ bóyá mo níṣẹ́.

Fáìlì ọ̀hún fúnra ẹ̀ tún kó ìtìjú bá mi. Ó yá, rẹ́rìn-ín, mo ti mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mò ń tò ó, dípò kí n tò ó bí wọ́n ṣe fẹ́, kí ìkọ́ni ṣáájú, kí ìwádìí tẹ̀lé e, mo pín in sí orí-ọ̀rọ̀ bí ẹni ń to ìwé sórí pẹpẹ. Níbi tó yẹ kí ìwádìí wà, mo fi bébà kan ṣoṣo síbẹ̀, mo kọ ọ́ sí i pé: “Wo: Ọ̀rinrin.” Gbogbo àpilẹ̀kọ mi lórí bí ọ̀rinrin ṣe ń ba ìwé jẹ́ wà lábẹ́ Ọ̀rinrin, wọ́n jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, wọn ò sá lọ síbì kankan. Ìgbìmọ̀ dá fáìlì padà. Wọ́n ní àwọn ò rí ìwádìí kankan, àti pé ta ni Ọ̀rinrin. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹnì kan nínú wọn fi bírò pupa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: “Kíláàsì wo gan-an ni obìnrin yìí ń kọ́?”

Ìyẹn dùn mí dé egungun. Ìwọ náà jókòó ní kántà yẹn rí. Ọmọ á dé, kò mọ ohun tó ń wá, á kàn máa wo ojú ẹni. A ó bá a wá ìbéèrè rẹ̀ kí a tó bá a wá ìdáhùn, ó kéré tán ogún ọmọ lójúmọ́ kan. Bí ẹni tó ń kọ́ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan kì í bá ṣe olùkọ́, kí ni wọ́n ń pè é? Mo tún fáìlì náà tò, mo dá a padà, inú mi ò sì tí ì rọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìpàdé wa bẹ̀rẹ̀. Òrùlé yàrá ìpàdé ṣì ń jò bí o ṣe fi í sílẹ̀, ó tiẹ̀ ti burú sí i, nítorí náà ẹ̀yìn pẹpẹ jọ́nà, nínú yàrá ìkàwé gan-an, ni a ti ń ṣe ìpàdé báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé ìdánwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Fojú inú wò ó: odidi mọ́kànlá wa tí inú ń bí, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ gbóhùn sókè. Ìjà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni à ń jà. Ẹnì kan á na ìka sí ẹnì kejì nímú, á sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ìwà ìkà gbáà lèyí!” Onítọ̀hún á fi ohùn ẹni tó ń gbàdúrà dá a lóhùn pé, “Orí ẹ ò pé!” Bí inú ṣe ń bí wa tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn wa ń lọ sílẹ̀ sí i, títí a fi ń wo ètè ara wa ká tó gbọ́ ara wa. Ọ̀gá wa jókòó sáàárín, ó ń wo aago. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kì í dá sí ọ̀rọ̀ tó bá ti gbóná.

Bọ̀dá Ẹ̀rọ ló ṣáájú àwọn tó fẹ́ ká jọ̀wọ́ ipò yìí. O ò mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn ìgbà tí o lọ ló dé, òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ní, “Kí lèmi fẹ́ kọ sínú jọ́nà? Kọ̀ǹpútà bàjẹ́, mo tún un ṣe, ó parí. Àbí kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ ni?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn olùkọ́ gan-an ò kà wá sí, a kàn ń bá wọn wọ aṣọ tí kò bá wa mu ni. Mo fún un lésì. Mo ní a ò wọ aṣọ ẹnikẹ́ni, mo ní bí wọ́n bá ti ń tún wa gbà síṣẹ́ lọ́dọọdún, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a lè sọ mọ́ tí ẹsẹ̀ wa ò ní máa gbọ̀n.

Ó wò mí, ó ní, “Àǹtí, fáìlì yín ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.”

Ọ̀rẹ́ mi, bí kì í bá ṣe ilé-ìkàwé ni, ǹ bá ti ṣe ohun tí wọn ò ní gbàgbé. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí jù ni pé kò kúkú purọ́ tán.

Nígbà náà ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣì wà ní kántà níbi tí wọ́n ti tọ́ ìwọ àti èmi, wọ́n ṣì ń sọ “jẹ́jẹ́” fún gbogbo ẹni tó bá fa àga, tó wúkọ́ tàbí tó ṣí ìwé bí ẹni ń ya aṣọ. Wọ́n ní, “Ẹ rọra. Jẹ́jẹ́. Nǹkan tí ẹ̀ ń jà fún yìí, òun ló gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ọmọ tó mọ kántà jù mí lọ. Ó bí ìbejì, kò ráyè kọ àpilẹ̀kọ, wọ́n ń ka oṣù lé e lórí bí ẹni ń ka gbèsè, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kó máa lọ. Èmi ò ní dìbò fún ohun tó lé ọmọ mi.”

Ìwọ ni wọ́n ń sọ. Gbogbo wa ló mọ̀. Ibẹ̀ ni ìpàdé túká sí. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo bínú sí ọ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìwọ tí o wà jìnnà tí o ò mọ nǹkan kan. Nígbà tí mo délé ni mo tó bi ara mi léèrè pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sí ọ pé òfin tó lé ọ lọ ni mo dìde fún. Ó dára, mo ti kọ ọ́ báyìí. Bínú sí mi tí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n kà á tán ná.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, èmi ni mo wà ní kántà. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lẹ bébà mọ́ ara ògiri káàkiri ọgbà, lórí ọ̀rọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin tí ògiri rẹ̀ ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú ìwé àyẹ̀wò ilé kan tó ti pẹ́ ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ yọ, pé àwọn kan ti kìlọ̀ tipẹ́ pé ilé yẹn ò dáa láti gbé. Ọ̀dọ̀ wa ni ìwé àyẹ̀wò yẹn wà, ẹ̀dà kan ṣoṣo. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, akọ̀wé àgbà fúnra rẹ̀ ló dúró síwájú mi.

Ó ní, “Ẹ ǹlẹ́ o, ìyáàfin. Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó yá ìwé àyẹ̀wò ilé yẹn.”

Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. A kì í sọ orúkọ ẹni tó yá ìwé, sà.”

“Ta ló ń jẹ́ ‘a’? Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.” Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé kántà, ohùn rẹ̀ wá dùn. “Fáìlì ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ wa, àbí? Èmi ni mo máa ń bá ìgbìmọ̀ kọ̀wé. Wọ́n máa ń fetí sí mi. Ṣe mí lóore kékeré yìí, kémi náà mọ bí mo ṣe máa ṣe ẹ́ lóore.”

Orúkọ yẹn wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú mi. Mo rí i. Ọmọbìnrin kan ni, èyí tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó máa ń mú súẹ́tà wá nítorí atẹ́gùn ibẹ̀. Họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn ló ń gbé. Mo ro gbogbo ọdún tí mo ti lò níbí. Mo ro ìyá mi lórí àtẹ̀gùn. Mo ro bébà tí mo kọ “Wo: Ọ̀rinrin” sí. Mo fẹ́ sọ pé rárá, ẹnu mi ò ṣí. Títí di òní, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọ pé rárá ni ẹnu mi ì bá sọ nígbà tó bá ṣí.

Ọwọ́ kan bà mí léjìká. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ní, “Dìde, ọmọ mi. Àsìkò ìsinmi ẹ ti tó.” Àsìkò ìsinmi mi ò tó rárá. Mo dìde, wọ́n jókòó sórí àga náà, wọ́n tẹ bọ́tìnì kan, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Wọ́n ní, “Èmi ni mo wà ní kántà báyìí, sà. Èmi ni kí ẹ bi.”

“Màmá, ẹ ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń wá. Mi ò ní fún yín.”

“Ẹ máa gba kúẹ́rì.”

“Màá fèsì ẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè lé mi. Iṣẹ́ tèmi ti fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó dé ọgbà yìí. Tí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ máa pe ìgbìmọ̀ jọ, ẹ ó sì sọ fún wọn lójú gbogbo ayé pé nítorí orúkọ ọmọ kan ni. Ṣé ẹ fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀?”

Gbogbo èyí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó nítòsí ò gbé ojú kúrò nínú ìwé rẹ̀. Akọ̀wé àgbà wò wọ́n, ó wò mí pẹ́ ju bó ṣe wò wọ́n lọ, ó sì jáde.

Nínú yàrá ẹ̀yìn, mo bu omi fún Àǹtí Jẹ́jẹ́. Wọ́n mu ún tán. Wọ́n bi mí pé, “Tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ohun tí mo sọ yẹn ńkọ́?” Mo ní wọn ì bá lé mi kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n ní, “Hẹn-ẹn.” Wọ́n sì padà sí kántà. Lọ́jọ́ Ajé, kúẹ́rì dé lóòótọ́. Wọ́n kà á, wọ́n fi sábẹ́ ife tíì wọn, wọ́n sì lọ to ìwé.

Àná ni a dìbò. Ẹ̀yìn pẹpẹ jọ́nà náà ni. Mo ti ka orí wa, mo sì mọ̀ pé a ti pàdánù, nítorí ibi tí Àǹtí Jẹ́jẹ́ bá fì sí ni ìbò máa fì sí. Ọ̀gá ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ kí a tó dìbò. Àǹtí Jẹ́jẹ́ dìde. Wọ́n la ẹnu, ohùn tó jáde, ọ̀rẹ́ mi, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Ohùn ẹni tó ń pe ọmọ láti òdì kejì odò ni.

“Lọ́jọ́ Ẹtì, tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ọkùnrin yẹn ni mí, orúkọ ọmọ yẹn ti wà lápò ẹ̀ báyìí!”

Gbogbo yàrá ìkàwé gbójú sókè. Bírò ẹnì kan bọ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìka sẹ́nu, ó ní “Ṣìììì!” Sí Àǹtí Jẹ́jẹ́! Wọ́n yíjú sí i, wọ́n ní, “Ìwọ náà fetí sílẹ̀, nítorí tìẹ la ṣe ń jà.” Wọ́n wá kọjú sí wa padà, ohùn ò sì lọ sílẹ̀ rárá.

“Mo ti ń sọ pé ipò yìí ló lé ọmọ mi. Irọ́ ni. Àwa tí a wà nínú ẹ̀, tí a ò lè sọ̀rọ̀ sókè, àwa la jẹ́ kí wọ́n lé e. Ẹ má jù ú nù. Ẹ dì í mú, kí ẹ sì tún un ṣe. Obìnrin tó bá bímọ, kí wọ́n má ka oṣù ìbímọ mọ́ ọn. Iṣẹ́ kántà, kí wọ́n kà á sí ìkọ́ni, torí ìkọ́ni ni!”

Bọ̀dá Ẹ̀rọ ní, “Tí wọn ò bá gbà láti tún un ṣe ńkọ́?” Wọ́n ní, “Àá tún pariwo.”

Ìbò kan péré la fi borí. Ìbò Àǹtí Jẹ́jẹ́ ni. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ò tí ì jókòó lórí àtúnṣe tí Àǹtí béèrè, nítorí náà má tí ì yọ̀ jù. Bọ̀dá Ẹ̀rọ ò kí mi láti àná. Bó ṣe ń kó wáyà rẹ̀ jọ, ó sọ fún mi pé a ti de òun mọ́ ohun tó máa lé òun lọ́la. Mi ò bá a jiyàn. Ẹ̀rù tó ń bà á ni ẹ̀rù tó bà ọ́, òun náà sì lè tọ̀nà. Mo ti sọ fún un pé kó jẹ́ ká jọ kọ àpilẹ̀kọ kan lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí ọ̀rinrin ti bà jẹ́. Kò tí ì sọ pé rárá.

Ní tèmi, ọ̀la ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí fáìlì mi. Akọ̀wé àgbà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní fi bò. Mi ò jẹun òwúrọ̀, mo sì ti bá ìyá mi jà lórí ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà. Ọkọ mi ní ibi tó bá já sí, ilé ò ní wó. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ọmọ onísúẹ́tà yẹn wá dá ìwé padà. Kò mọ nǹkan kan. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà,” ó sì lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo wò ó títí, mo sì mọ̀ pé bí iṣẹ́ mi bá fìdí múlẹ̀ lọ́la, kò ní jẹ́ nítorí pé mo ta ọmọ yẹn.

Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa. Fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi, èyí tó léyín àti èyí tí kò ní. Kí àwọn dókítà yín, kí wọ́n dá ìwé padà. Ìyá mi ní kí n sọ fún ọ pé epo ìpara tí o fi ránṣẹ́ ló ṣe orúnkún wọn lóore, kì í ṣe oògùn tí èmi rà.

Àǹtí Jẹ́jẹ́ rí mi níbi tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n ní ta ni mò ń kọ ọ́ sí, mo sọ fún wọn. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ní kí n kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn ṣe sọ ọ́: “Sọ fún ọmọ mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń lé e, mo gbèjà ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ilé-ìkàwé ni mo fi gbèjà ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́. Sọ fún un pé lánàá, mo pariwo.”

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́,

Aláriwo.